Ìmọ́lẹ̀ Tó Mọ Ọwọ́ Ọ̀tún Yàtọ̀ sí Tòsì

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ wo ọwọ́ yín méjèèjì. Ìka márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ní, síbẹ̀ ẹ kò lè fi ọ̀kan rọ́pò èkejì. Ọ̀pọ̀ mólékù rí bẹ́ẹ̀: átọ́ọ̀mù kan náà, ìwọ̀n kan náà, ṣùgbọ́n ọ̀kan jẹ́ àwòrán èkejì nínú dígí. Ọwọ́ ni mo máa pe oríṣi méjèèjì yìí.

Ara ènìyàn mọ ìyàtọ̀ yìí. Ọwọ́ méjèèjì ló pọ̀ mọ́ra nínú ofloxacin, oògùn tó ń pa kòkòrò àìsàn. Levofloxacin tí ẹ ń rà lọ́dọ̀ apòògùn jẹ́ ẹyọ kan nínú wọn, èyí tó ń pa kòkòrò jù. Ti penicillamine le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ọwọ́ kan oògùn, ọwọ́ kejì májèlé. Thalidomide ni àwọn olùkọ́ sábà máa ń fi ṣàpẹẹrẹ, oògùn tí wọ́n tà ní Jámánì láti 1957 sí 1961, tó ṣe ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ní ìjàǹbá nínú oyún. Èmi kì í fẹ́ lò ó. Inú ara ni ọwọ́ kan rẹ̀ ti ń yí padà di èkejì, nítorí náà yíyà wọ́n sọ́tọ̀ kì bá tí dáàbò bo àwọn ọmọ náà.

Ní 1848, ojú àti ọwọ́ ni Louis Pasteur fi ṣa kírísítálì iyọ̀ kan sọ́tùn-ún sósì. Orí bá a ṣe é: iyọ̀ yẹn kì í pín bẹ́ẹ̀ mọ́ bí ooru bá ti kọjá nǹkan bíi 27°C. Ká ní Ìbàdàn ló ti ṣe é nínú oṣù Ẹrẹ́nà ńkọ́? Lónìí, ẹ̀rọ tó ń yà wọ́n sọ́tọ̀ wà, ó ṣe é gbára lé, àmọ́ ó lọ́ra, ó sì wọ́n.

Ibẹ̀ ni MOF (metal-organic framework) ti wọlé. Irin ni wọ́n so pọ̀ mọ́ mólékù oníkábọ̀nù títí ó fi di ohun oníhò tíntìntín. Òun ló mú ẹ̀bùn Nobel kẹ́mísìrì ti 2025 wá fún Susumu Kitagawa, Richard Robson àti Omar Yaghi. Bí irin náà bá jẹ́ europium, pupa ló ń tàn. Bó bá jẹ́ terbium, àwọ̀ ewé ni. Àwọn irin yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ gba ìmọ́lẹ̀ fúnra wọn. Mólékù oníkábọ̀nù ló ń gbà á, tó ń gbé e fún wọn.

Ṣùgbọ́n títàn nìkan kò tó. Ohun tí kò lọ́wọ́ kò lè mọ ọwọ́. Ihò náà gbọ́dọ̀ ní ọwọ́ tirẹ̀, bíi bàtà ọ̀tún tí ẹsẹ̀ òsì kì í bá mu. Ní 2012, onímọ̀ kẹ́mísìrì Wenbin Lin àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́ irú MOF bẹ́ẹ̀, wọ́n sì da àwọn mólékù tí wọ́n ń pè ní amino alcohol sí i. Ọwọ́ méjèèjì ló dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù, àmọ́ ọ̀kan dín in kù ju èkejì lọ.

Ẹ ṣọ́ra níbí o. Ìmọ́lẹ̀ lè relẹ̀ torí pé ọwọ́ kan pọ̀, ó sì lè relẹ̀ torí pé oògùn pọ̀ nínú omi náà, tàbí torí ìdọ̀tí lásán. Ẹni tí kò bá mọ iye oògùn tó wà níbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ẹyọ kan kò lè sọ fún un. Nígbà tí mo bá ń ka irú iṣẹ́ yìí, ibi tí wọ́n ti dán àpòpọ̀ ọwọ́ méjèèjì wò ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣí.

Ẹnì kan béèrè bóyá NAFDAC lè fi MOF yìí mú oògùn ayédèrú. Bóyá, àmọ́ ayédèrú tó pọ̀ jù kò ní oògùn nínú rárá, tàbí kó jẹ́ díẹ̀. Ọ̀nà tó rọjú wà fún ìyẹn. Àwọn tó ń wá bí wọn yóò ṣe pèsè ọwọ́ kan ṣoṣo ni yóò wúlò fún jù: wọ́n lè ní ọgọ́rùn-ún ìgò láti yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n kàn fẹ́ mọ èyí tó yẹ kí wọ́n gbé lọ síwájú ẹ̀rọ olówó ńlá náà.