Ìyá Ọlọ́tí Kọ Páálí 40

ṢADÉ: Bọ̀ọ̀dá Wálé, ẹ má pè mí bẹ́ẹ̀ níwájú àwọn èèyàn o.

WÁLÉ: Kí ni mo pè ọ́? Ìyá Ọlọ́tí?

ṢADÉ: Ẹ ò rí nǹkan! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbọ́ wa, ẹ káàbọ̀. Ọ̀rọ̀ bí èèyàn ṣe lè máa ṣiṣẹ́ kó sì tún máa ṣe másítà lórí íntánẹ́ẹ̀tì la fẹ́ sọ lónìí. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní kókó mẹ́fà. Ṣùgbọ́n kí n tó dé ibẹ̀, ohun tójú mi rí ní Sátidé...

WÁLÉ: Ó tán. Kókó mẹ́fà ti lọ.

ṢADÉ: Ẹ jọ̀ọ́. Production and operations management ni mò ń ṣe: bí wọ́n ṣe ń ṣe ọjà jáde, bó ṣe ń rìn títí tó fi dé ọwọ́ ẹni tó máa lò ó. Tíṣà wa ní ká ṣe Beer Game, eré ọtí bíà kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní yunifásítì MIT l'Amẹ́ríkà ní nǹkan bí ọdún 1960. Èèyàn mẹ́rin ló ń ṣe é. Ọ̀kan ni ṣọ́ọ̀bù, ọ̀kan alágbàtà, ọ̀kan dípó, ọ̀kan ló ń pọntí. Ṣọ́ọ̀bù á bèèrè ọtí lọ́wọ́ alágbàtà, alágbàtà á bèèrè lọ́wọ́ dípó, dípó á bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń pọntí. Èmi ni alágbàtà. Ṣọ́ọ̀bù wà ní Houston, dípó wà ní Toronto, ẹni tó ń pọntí wà n'Ìbàdàn. A ò gbọdọ̀ bára wa sọ̀rọ̀, iye páálí tóo fẹ́ nìkan ni wàá kọ ránṣẹ́. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tá a bá kọ iye ránṣẹ́, a kà á sí ọ̀sẹ̀ kan. Èyí tóo bá sì bèèrè lọ́sẹ̀ yìí, ó di ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó dé.

WÁLÉ: Bíi dúrọ́ọ̀mù tí mo fi ránṣẹ́ sílé.

ṢADÉ: Ìyẹn ò tíì dé?

WÁLÉ: Máa bá ọ̀rọ̀ ẹ lọ.

ṢADÉ: Páálí 4, páálí 4, páálí 4. Mo tiẹ̀ ń gbé ọbẹ̀ kaná lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ló bá di 8. Ó di 12. Ará Houston wá kọ 20! Mo ní háà, wọ́n ń ṣàríyá níbì kan. Ọjà tán lọ́wọ́ mi. Páálí tó bá sùn sí ọ lọ́wọ́, wàá san sẹ́ǹtì 50 lọ́sẹ̀. Èyí tóo bá jẹ oníbàárà ní gbèsè ẹ̀, dọ́là 1. Àyà mi já, mo kọ 40. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, n ò rí nǹkan kan, mo tún kọ 40.

WÁLÉ: Tí 40 àkọ́kọ́ sì ń bọ̀ lọ́nà.

ṢADÉ: Ta ló sọ fún yín?

WÁLÉ: Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń gbé páálí nínú warehouse, Ṣadé.

ṢADÉ: Ó dáa. Gbogbo ẹ̀ dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ará Houston wá kọ òdo. Òdo! Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko! Mo ṣépè fún ọkùnrin yẹn ní Yorùbá, láìmọ̀ pé máíkì mi wà ní ṣíṣí. Ará Ìbàdàn yẹn nìkan ló bú sẹ́rìn-ín.

WÁLÉ: Yéè! Ìyá Ọlọ́tí!

ṢADÉ: Ibi tó dùn mí kọ́ nìyẹn. Nígbà tá a parí, tíṣà ṣí ìwé oníbàárà hàn wá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́, 4 ló ń rà. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ó di 8. Ó sì dúró sí 8 títí eré fi parí! Kò sí àríyá kankan! Oníbàárà jókòó jẹ́jẹ́ ẹ̀, àwa la ya wèrè. Bullwhip ni wọ́n ń pè é. Ọwọ́ á kàn mì díẹ̀ nídìí pàṣán, ṣóńṣó ẹ̀ á máa fò. Procter & Gamble, àwọn tó ń ṣe Pampers, rí i lára ẹ̀. Àwọn ọmọ ò yí bí wọ́n ṣe ń tọ̀ padà, àmọ́ iye tí wọ́n ń bèèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ń lọ sókè sódò.

WÁLÉ: Aṣọ ẹbí nìyẹn.

ṢADÉ: Ẹ ṣé! Àbúrò mi ní èèyàn 50. Màámi ní kó má baà dín, wọ́n sọ ọ́ di 70. Àǹtí wa kọ 90. Ìyá aláṣọ ní Balógun kó 120 bọ̀.

WÁLÉ: Mo rà méjì. Ọ̀kan ti di kọ́tìnnì.

ṢADÉ: Léèsì yẹn?!

WÁLÉ: Ó bá pálọ̀ mu. Ṣùgbọ́n jẹ́ n bi ọ́. Ohun tí wọ́n ń sanwó fún mi láti ṣe, òun lo wá ń sanwó láti kọ́?

ṢADÉ: Ẹ wò ó, Bọ̀ọ̀dá, ẹ má bẹ̀rẹ̀. Ẹ mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ ò lè ṣírò ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

WÁLÉ: Èmi ni mi ò lè ṣírò?

ṢADÉ: Èèyàn 2 ń wọlé ní ìṣẹ́jú kan, ẹnì kọ̀ọ̀kan ń lo ìṣẹ́jú 30. Mélòó ló máa wà nínú ilé?

WÁLÉ: 60. Ọmọdé wo ni ò mọ ìyẹn?

ṢADÉ: Little's Law nìyẹn: iye tó ń wọlé, ẹ fi iye àkókò tí wọ́n ń lò sọ ọ́ di ìlọ́po. Ọdún 1961 ni John Little tó fi ẹ̀rí ẹ̀ hàn.

WÁLÉ: Ẹ̀rí? Mo ti sọ ọ́ fún mánijà wa láìmọye ìgbà pé ẹrù tó ń wọlé ti pọ̀ ju ibi tí wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ, pé á há. Kò dá mi lóhùn. Ọmọ kan dé pẹ̀lú másítà, ó sọ ọ́, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

ṢADÉ: Hmm. Ẹ pẹ̀lẹ́, Bọ̀ọ̀dá mi.

WÁLÉ: Má pẹ̀lẹ́ mi.

ṢADÉ: Ẹ forúkọ sílẹ̀ nígbà náà. Aago 9 alẹ́ ni kíláàsì.

WÁLÉ: Kí n ti shift dé, kí n tún wá máa pọntí?

ṢADÉ: Ẹ ò ní pọntí! Ẹ máa ṣe dípó.

WÁLÉ: Ṣadé, wọ́n ní ìrẹsì máa wọ́n lóṣù tó ń bọ̀. Ìwọ náà rí i lórí WhatsApp?

ṢADÉ: Mo rí i.

WÁLÉ: Àpò mélòó ló wà ní gáréèjì ẹ báyìí?

ṢADÉ: Ẹ jẹ́ ká dé kókó àkọ́kọ́.

WÁLÉ: Mélòó?

ṢADÉ: ...Mẹ́rin. Méjì ṣì ń bọ̀ lọ́nà.

WÁLÉ: Ìyá Ọlọ́tí!