Ta Ni Ẹ Fẹ́ Bá Jẹun ní Adó?

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin olùgbọ́ mi nílé àti lẹ́yìn odi. Bí ọdún bá ti ń parí lọ báyìí, tí àwọn ọmọ Èkìtì tí ó wà ní London, ní Houston àti ní Toronto bá ti ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú, ìbéèrè kan a máa kún inú fóònù mi: "Níbo ni kí a ti lọ jẹun ní Adó?" Ohun tí wọ́n ń retí ni pé kí n dárúkọ ilé oúnjẹ kan, kí n sì fi nọ́ńbà ẹni tí ó ni ín ránṣẹ́. Ìbéèrè ni èmi náà fi í dá wọn lóhùn: ta ni ẹ fẹ́ bá jẹun, kí sì ni ẹ tìtorí rẹ̀ pàdé? Bí ẹ bá ti dáhùn èyí, ìdajì iṣẹ́ ti parí, nítorí pé ilé oúnjẹ tí ó yẹ ọ̀rẹ́ lè má yẹ àna, èyí tí ó sì yẹ àna lè mú kí ìyá ẹni jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí ń dúró de ọkọ̀.

Ìwà àwa tí a ti pẹ́ ní òkè òkun ni pé a ó ṣí fóònù, a ó wo iye ìràwọ̀ tí àwọn ènìyàn tí a kò mọ̀ rí fún ibi kan, a ó sì gbéra. Ìràwọ̀ náà ní ìtàn tirẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Michelin ti ilẹ̀ Faransé, tí ó ń ṣe táyà ọkọ̀, ni ó tẹ ìwé atọ́nà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1900, kí àwọn onímọ́tò lè mọ ibi tí wọn yóò ti tún ọkọ̀ ṣe, ibi tí wọn yóò sùn àti ibi tí wọn yóò ti jẹun. Ọdún 1926 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí fi ìràwọ̀ sí orí àwọn ilé oúnjẹ, nígbà tí ó sì yá, ó ṣe àlàyé rẹ̀ báyìí: ìràwọ̀ kan ń sọ pé bí ibẹ̀ bá bọ́ sí ojú ọ̀nà rẹ, yà síbẹ̀, méjì ń sọ pé ó tó kí o torí rẹ̀ ya kúrò lójú ọ̀nà, mẹ́ta ń sọ pé ó tó kí o torí rẹ̀ nìkan rin ìrìn àjò. Inú mi dùn púpọ̀ ní ọdún 2024 nígbà tí Adéjọkẹ́ Bakare gba ìràwọ̀ kan fún Chishuru, ilé oúnjẹ rẹ̀ ní London, tí ó sì di obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí yóò gba irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Síbẹ̀, kò sí ìràwọ̀ tí yóò sọ fún mi bóyá Màámi yóò gbà láti jókòó jẹun níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà yìí ni ó le jù ní Èkìtì, òun ni n ó sì fi àkókò tí ó pọ̀ jù lé lórí. Ní ojú àwọn tí ó ti dàgbà, jíjẹun níta jẹ́ ti arìnrìn-àjò, ti àpọ́n, àti ti òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n gbé lọ sí ìlú tí kò ti ní ará. Ìyá arúgbó tí ó bá jókòó lẹ́bàá títì tí ó ń ki òkèlè iyán bọ ọbẹ̀ yóò máa rò pé gbogbo ẹni tí ó ń kọjá ń bi ara wọn léèrè bóyá àwọn ọmọ òun kò ní ilé ìdáná. Nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ fún Màámi pé mo fẹ́ mú wọn jáde lọ jẹun, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ulé la ti í jẹ uyán." Wọn kò bínú o; wọ́n kàn ń rán mi létí bí ayé ṣe rí ni. Bí mo bá mú wọn lọ sí ibi tí gbogbo ayé ń yìn ní ọjọ́ náà, àbùkù ni yóò jẹ́ lójú wọn, bí ọbẹ̀ ibẹ̀ tilẹ̀ dùn ju oyin lọ.

Ibi tí mo wá mú wọn lọ wà nínú àdúgbò kan tí kò jìnnà sí Ọjà Ọba. Ilé gbígbé ni. Ìyá tí ó ń ta oúnjẹ níbẹ̀ ti sọ pálọ̀ rẹ̀ di ibi ìjẹun, ó fi kọ́tìnì dí ẹnu ọ̀nà, ó sì to àga onítìmùtìmù mọ́ ara ògiri. Kò sí pátákó kankan níta. Bí a ti wọlé ni ìyá náà jáde láti ẹ̀yìnkùlé, ó kúnlẹ̀ kí Màámi, ó sì béèrè agbolé wọn. Kí a tó jókòó dáadáa, àwọn méjèèjì ti rí i pé ẹni kan ni ó kọ́ àwọn ní ẹ̀kọ́ ìjọ nígbà èwe, wọ́n sì ti ń rántí bí olùkọ́ náà ṣe máa ń lo pàṣán. Omi ìṣanwọ́ dé nínú abọ́ tí ó mọ́, pẹ̀lú ọṣẹ àti aṣọ ìnuwọ́ funfun. Màámi fi ìka tẹ iyán náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n gé díẹ̀, wọ́n yí i mọ́ àtẹ́lẹwọ́ láti wá kókó inú rẹ̀, wọn kò rí ìkankan. "Ó kúnná," ni wọ́n wí, wọ́n sì jẹun. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé bí mo bá fẹ́ mú àgbà jáde, mo gbọ́dọ̀ wá ibi tí ó jọ ilé àlejò, tí ènìyàn kò ní máa wo ẹnu rẹ̀ láti títì, tí olóúnjẹ náà sì mọ bí a ti ń kí ènìyàn.

Mo dárúkọ iyán, ó sì yẹ kí n dúró díẹ̀ níbẹ̀, nítorí pé a kì í sọ̀rọ̀ oúnjẹ ní Èkìtì kí a fò ó dá. Àwọn bàbá wa ní iyán l'oúnjẹ, ọkà l'oògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Ẹni tí ó bá fẹ́ iyán gidi kò gbọ́dọ̀ fi ojú yan ilé oúnjẹ. Etí ni kí ó lò. Bí o bá sún mọ́ ẹ̀yìnkùlé ní nǹkan bí agogo méjìlá ọ̀sán tí o sì gbọ́ ìró ọmọ odó tí àwọn géńdé méjì tàbí mẹ́ta ń sọ tẹ̀ léra, wọlé, má bèèrè ohun mìíràn. Bí ó bá di agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tí odó ti dákẹ́, ohun tí wọn yóò gbé fún ọ ni èyí tí ó ti wà nínú kúlà láti ọ̀sán, tí ara rẹ̀ ti ń le. Nígbà náà, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí pẹ̀lú òyà tàbí ẹ̀fọ́ rírò tí ó kún fún ẹja gbígbẹ lè ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò lè jí i dìde. Ìgbà inú ọdún náà ṣe pàtàkì. Ní nǹkan bí oṣù Kẹfà sí oṣù Keje, iṣu tí ó ti pẹ́ nínú abà a máa wọ́n, òkèlè a sì kéré. Bí iṣu tuntun bá wá jáde, inú gbogbo ènìyàn a dùn sí i, ṣùgbọ́n omi pọ̀ nínú rẹ̀, ó sì dára fún sísè àti dídín ju gígún lọ. Oṣù Kejìlá tí àwa ọmọ òkè òkun ń darí wálé jẹ́ àkókò tí iṣu ti gbó dáadáa, nítorí náà a kò ní àwáwí. Ní ti ìyẹ̀fun inú páálí tí a ń fi omi gbígbóná rò ní London, n kò ní bú u, nítorí pé ó ti gba ọ̀pọ̀ wa lọ́wọ́ ebi nínú òtútù; ṣùgbọ́n ilé oúnjẹ tí ó bá gbé e fún mi ní Adó, tí ó sì pè é ní iyán, kò ní rí ẹsẹ̀ mi níbẹ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi iyán jẹ àlejò níyà. Mo mọ àwọn ará wa tí ó jẹ́ pé bí ọ̀rẹ́ wọn bá ti Ìbàdàn wá, àfi kí wọ́n fi agídí gbé iyán síwájú rẹ̀ láti fi hàn pé Èkìtì kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó ti rin ọ̀nà jíjìn tí ọkàn rẹ̀ sì ń fà sí àmàlà gbígbóná pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ewédú, ẹ mú un lọ sí ibi tí wọ́n ti ń rò ó. Àwọn tí wọ́n mọ̀ ọ́n rò wà ní Adó, awakọ̀ kẹ̀kẹ́ tí ó bá gbé yín láti Fájuyì sì mọ ojúlé wọn ju íntánẹ́ẹ̀tì lọ.

Ti àwọn ọ̀rẹ́ kò le. Ọjọ́ Ẹtì ní ìrọ̀lẹ́, bí oòrùn bá ti rọlẹ̀, àga oníke ní gbangba, atẹ́gùn, àti àsun: ẹran ewúrẹ́ tí wọ́n fi iná yan tí èéfín rẹ̀ ti wọ̀ ọ́ lára, tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, tí wọ́n sì fi ata àti àlùbọ́sà yí títí imú yóò fi máa ṣomi. Bí ẹ̀yin bá fẹ́ ẹmu, ẹ rántí pé ti òwúrọ̀ ni ó ń dùn, àti pé èyí tí ẹ bá bá ní ìrọ̀lẹ́ ti kan, ó sì ti ní agbára. Ẹni tí yóò wa ọkọ̀ padà kò gbọ́dọ̀ fi ojú kékeré wò ó. Bí ó bá jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n yín tí ó wà ní yunifásítì ni ẹ fẹ́ bá sọ̀rọ̀, ẹ lọ bá a ní búkà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀nà Ìwòròkò. Ariwo ibẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n níbẹ̀ ni yóò ti la ẹnu sọ ohun tí ń ṣe é, nítorí pé ilé rẹ̀ ni ẹ wá sí. Bí ẹ bá pe ọmọ ogún ọdún sí ilé ìtura olówó ńlá, "ẹ ṣé, sà" nìkan ni ẹ ó gbọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Àna ńkọ́? Bí ẹbí méjì bá ń pàdé fún ìgbà àkọ́kọ́ níta, ìmọ̀ràn mi kò ju pé kí ẹ yẹra fún ọbẹ̀ ilá. Kò sí ọkọ ìyàwó tí ó lè ṣe bí ọmọlúàbí nígbà tí ilá ń yọ̀ láti orí òkèlè dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀.

Àwọn ọmọ wa tí a bí sí òkè òkun a máa fẹ́ àwọn ilé oúnjẹ oníná mèremère tí wọ́n ti ń ta adìyẹ díndín, nítorí pé ó jọ ohun tí wọ́n mọ̀. Àwọn àgbà a máa bínú sí èyí. Èmi kì í bínú. Ọmọ tí ata ti pa lẹ́nu ní ọ̀sán kò ní fẹ́ràn Èkìtì ní alẹ́. Ohun tí mo máa ń wá fún wọn ni ibi tí wọ́n ti ń se ìrẹsì Ìgbẹ́mọ̀, ìrẹsì ilẹ̀ wa gan-an, pẹ̀lú ọbẹ̀ ata tí kò le jù àti dòdò. Wọ́n ti jẹ oúnjẹ Èkìtì tán kí wọ́n tó mọ̀. Ní ti àwọn tí ìsìn tàbí ìlera ká lọ́wọ́ kò, ẹ béèrè kí ẹ tó jáde nílé. Mùsùlùmí lè fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe pa ẹran, àwọn Kristẹni kan kì í jẹ ẹran ìgbẹ́, ẹni tí ó sì ní àtọ̀gbẹ kò fẹ́ kí a máa ka àìsàn òun sókè níwájú agbáwo.

Owó ni ó kù, ìtìjú sì wà nínú rẹ̀. Ẹ má ṣe fi ìwé tí wọ́n kọ iye oúnjẹ sí lé àgbà lọ́wọ́. Àbúrò bàbá mi kan, tí ó jẹ́ tíṣà tí ó ti fẹ̀yìn tì, ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ẹni tí ń ṣe ìṣirò ọmọ kíláàsì, ó ní ebi kò fi bẹ́ẹ̀ pa òun, ó sì ní kí wọ́n bu iyán kan àti ẹran kan fún òun. Nísinsìnyí, mo máa ń lọ bá olóúnjẹ ṣáájú, n ó sọ iye ẹran àti irú rẹ̀ fún un, n ó sì san owó náà. Bí a bá dé, oúnjẹ ni yóò kàn máa jáde, bí ìgbà tí ènìyàn lọ kí ará ilé rẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò mọ iye rẹ̀.

Lọ́dún yìí, ọ̀rọ̀ ti wà láàárín èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lórí ọjọ́ kejì Kérésìmesì. Èmi fẹ́ kí àwọn àgbà jẹ iyán wọn ní pálọ̀ ìyá yẹn ní ọ̀sán, kí àwọn ọ̀dọ́ sì wá ọ̀nà àsun wọn lọ ní ìrọ̀lẹ́, kí ìkálukú jẹ ohun tí ó wù ú. Àǹtí ní mo ń pín ẹbí. Wọ́n ní àwọn kò tìtorí oúnjẹ wá, pé ìjókòó gbogbo wa lójú kan ni àwọn ń wá, àti pé gbọ̀ngàn ilé ìtura kan ni àwọn fẹ́ gbà ní ọ̀nà Adébáyọ̀. Nígbà tí mo rò ó, mo rí i pé ìbéèrè tí mo máa ń bi àwọn ènìyàn ni wọ́n fi dá mi lóhùn, mo sì gbà. Ìyá olóúnjẹ náà ni yóò wá se oúnjẹ fún wa níbẹ̀. Ó ní òun kò lè gún iyán sílé kí òun sì gbé e wá, nítorí pé yóò ti tutù, nítorí náà òun yóò gbé odó òun dání. Àǹtí sì ń bá àwọn aláṣẹ ilé ìtura náà sọ̀rọ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí lórí ibi tí odó yóò dúró sí.