Bí a ṣe ń díwọ̀n ọ́síjìn fún ẹni tí ó sùn lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ oògùn akunnilóorun. Màmá tí ẹ ń wò yìí, tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ikùn fún, ti fún wa láyè kí a ya fídíò. Oògùn ni ọ́síjìn, ìdí nìyẹn tí mo fi ń díwọ̀n rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin.

Kí màmá tó sùn, a kì í ṣahun ọ́síjìn rárá. Ẹ wo bí mo ṣe tẹ máàsìkì mọ́ ojú wọn, tí àpò rọ́bà ara ẹ̀rọ ń wú, tí ó sì ń rọ bí wọ́n ṣe ń mí; bí àpò náà kò bá mira, atẹ́gùn ń jò níbì kan. Fún ìṣẹ́jú 3, ọ́síjìn nìkan ni wọ́n ń mí, kí ó lè wà nípamọ́ nínú ẹ̀dọ̀fóró wọn nígbà tí èmi bá ń wá ọ̀nà láti ki túùbù sí ọ̀nà ọ̀fun.

Túùbù ti wọlé, mo sì ti gbọ́ èémí ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì àyà. Ibí ni ọ̀pọ̀ wa ti ń gbàgbé ọ́síjìn sí òkè. Ẹ wo ọwọ́ mi: mò ń yí i wálẹ̀, mo ń pò ó mọ́ afẹ́fẹ́ lásán, títí yóò fi dé ìdá 35 nínú 100. Ìdá 21 péré ni ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ tí gbogbo wa ń mí. Náítírójìn ni ó pọ̀ jù nínú ìyókù, ẹ̀jẹ̀ kì í sì í tètè fà á, nítorí náà òun ni ó ń ti àwọn àpò wẹ́wẹ́ inú ẹ̀dọ̀fóró kí wọ́n má baà pa dé. Bí ó bá jẹ́ ọ́síjìn nìkan ni ó wà níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ yóò fà á tán, àpò náà yóò sì rún mọ́ra.

Ẹ wá wo mónítọ̀ tí a fi há ìka wọn, tí ó ń ka ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ẹ̀rọ yìí a máa ké bí ọ́síjìn bá dín, ṣùgbọ́n kì í sọ nǹkan kan nípa èyí tí ó pọ̀ jù: 99 ni ó lè kọ ní ìdá 35, 99 náà ni yóò kọ ní ìdá 100. Bí túùbù bá yọ̀ wọ ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, ọ́síjìn àpọ̀jù lè bo àṣírí náà mọ́ wa lójú, nígbà tí ó jẹ́ pé ní ìdá 35, nọ́ńbà yóò tètè já wálẹ̀, èmi náà yóò sì tètè dìde sí i.

Òótọ́ ni pé ní 2016, Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn ìdá 80 fún àgbàlagbà tí a ki túùbù sí lọ́fun, kí ojú ọgbẹ́ má baà kẹ̀. Ní 2018, wọ́n dẹ ìmọ̀ràn náà díẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwádìí kan ní Dẹ́ńmáàkì tí ó jáde ní 2009, lórí aláìsàn 1,400, kò rí ìyàtọ̀ nínú kíkẹ̀ ọgbẹ́ láàárín ìdá 80 àti ìdá 30, àtẹ̀lé rẹ̀ sì fi hàn pé ikú pọ̀ sí i láàárín àwọn alárùn jẹjẹrẹ tí wọ́n gba ìdá 80. Èmi kò bá ilé ìwòsàn tí ó ń tẹ̀lé ìmọ̀ràn náà jà, àmọ́ ọkàn mi kò gbà kí a máa fún gbogbo ènìyàn bẹ́ẹ̀ láìwo ẹni tí ó wà níwájú wa.

Bí iṣẹ́ abẹ bá jẹ́ ti ojú tàbí ọrùn, ẹ má jẹ́ kí ó kọjá ìdá 30, ẹ sì sọ fún oníṣẹ́ abẹ kí ó tó tan ẹ̀rọ iná tí ó fi ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, nítorí ọ́síjìn tí ó bá kó jọ sábẹ́ aṣọ ìbora lè mú kí iná ṣẹ́ lójijì.

Wọ́n ti ń rán ikùn màmá. Mo tún gbé ọ́síjìn padà sí ìdá 100 kí n tó yọ túùbù. Bí wọ́n bá ti jí, tí wọ́n ń dáhùn orúkọ wọn, a óò gbé orí wọn sókè, a óò máa wo nọ́ńbà náà. Níwọ̀n ìgbà tí ó bá dúró láti 94 lọ sókè láìsí ìrànlọ́wọ́, mo ń yọ máàsìkì náà kúrò.