Ooru Tí À Ń Dà Nù: Bí Wọ́n Ṣe Ń Gbà Á Padà ní Odense

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, bí ẹ bá délé lónìí, ẹ fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn fíríìjì yín. Ẹ ó rí i pé ó gbóná, bẹ́ẹ̀ omi inú rẹ̀ tutù nini. Ara omi àti ọbẹ̀ tí ẹ gbé síbẹ̀ ni ẹ̀rọ náà ti fa ooru náà jáde. Iṣẹ́ kan náà ni pọ́ǹpù ooru ti iléeṣẹ́ ńlá ń ṣe, àfi pé ooru ẹ̀yìn gan-an ni wọ́n ń wá.

Ní ìlú Odense, ní orílẹ̀-èdè Dẹ́ńmáàkì, Facebook kọ́ ilé ràgàjì kan tó kún fún kọ̀ǹpútà tí kì í sinmi tọ̀sán-tòru, irú èyí tí àwòrán ìkómọ àti ìgbéyàwó tí à ń gbé síta máa ń wà nínú rẹ̀. Gbogbo iná tí kọ̀ǹpútà bá jẹ ló ń di ooru. Ṣùgbọ́n ooru náà kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni, bí ìwọ̀n 27 Celsius, bí ọ̀sán Ìbàdàn nígbà òjò. Kò lè mú ilé móoru nígbà òtútù ilẹ̀ wọn. Nítorí náà, wọ́n ń fi omi inú páìpù gba ooru yìí lára afẹ́fẹ́, ó sì ń lọ sí ilé pọ́ǹpù ti Fjernvarme Fyn, iléeṣẹ́ tó ń pín omi gbígbóná fún àwọn ará ìlú.

Nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ohun olómi kan wà tó tètè ń hó, bí àpẹẹrẹ ammonia, tó ń hó ní ìwọ̀n 33 sísàlẹ̀ òdo. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ti tó láti sọ ọ́ di gáàsì. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ yóò wá fún gáàsì náà pọ̀ pinpin, yóò sì gbóná. Ẹni tó bá ti fi pọ́ǹpù ọwọ́ fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ rí mọ bí ìdí pọ́ǹpù ṣe máa ń gbóná mọ́ni lọ́wọ́. Gáàsì yìí ló ń mú omi tó ń lọ sílé àwọn ènìyàn dé nǹkan bí ìwọ̀n 70. Òun fúnra rẹ̀ yóò padà di olómi, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀.

Alábàárù lásán ni iná mànàmáná jẹ́ níbí. Bí ẹ bá fi iná tààrà se omi, yúníìtì kan yóò fún yín ní ooru yúníìtì kan. Pọ́ǹpù ooru lè fún yín ní mẹ́ta tàbí mẹ́rin, nítorí owó gbígbé ẹrù nìkan ló ń san, kì í san owó ooru fúnra rẹ̀. Bí òkè bá sì ṣe ga sí i ni alábàárù ń gba owó sí i: láti gbé ooru láti 27 dé 120 dípò 70, iná tí yóò jẹ lórí yúníìtì ooru kọ̀ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé kí a tó béèrè irú ẹ̀rọ tí a máa rà, ká kọ́kọ́ béèrè bí òkè náà ṣe ga tó, àti ẹni tó ń dúró de ooru nítòsí. Páìpù omi gbígbóná ti wà lábẹ́ ilẹ̀ Odense kí Facebook tó dé.

Lọ́dọ̀ tiwa, kò sí ẹni tó nílò kí ilé òun móoru. Iléeṣẹ́ ọtí bíà ni kí á wò, níbi tí wọ́n ti ń mú àgbá ọtí tutù lápá kan, tí wọ́n sì ń wá omi gbígbóná tí wọ́n máa fi fọ ìgò lápá kejì, nínú ọgbà kan ṣoṣo. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rí irú ọgbà bẹ́ẹ̀ tí fáànù orí òrùlé ń fẹ́ ooru sójú ọ̀run, tí ọkọ̀ dísù sì ń wọlé lẹ́nu géètì láti wá dáná omi.