Bàtà Dùgbẹ̀ àti Ọkọ̀ Discovery

Ẹ kú dédé ìwòyí o, ẹ̀yin tèmi. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú iṣẹ́. Ẹni tó ń wakọ̀ lọ síbi iṣẹ́ alẹ́, ẹ rọra o. Èmi nìkan ni mo wà nídìí ẹ̀rọ lónìí, kò sí àlejò, ọmọ ti sùn. Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ bàtà.

Bẹ́ẹ̀ ni, bàtà. Mo mọ̀ pé ọkọ̀ ojú omi ni mo ṣèlérí fún yín. Ọkọ̀ náà ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí n gba ọ̀dọ̀ bàtà débẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé ni èmi àti ọmọ mi lọ wo Discovery, ọkọ̀ onígi àtijọ́ tó wà létí odò Tay níbí ní Dundee, nílẹ̀ Scotland. Owó ìwọlé, aago tí wọ́n ń ṣílẹ̀kùn, gbogbo ìyẹn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ó rí i. Ọdún kẹrìnlá mi rèé ní ìlú yìí, mo sì ti gba ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà kọjá láìmọye ìgbà, n kò wọ inú rẹ̀ rí. Tíṣà ọmọ mi ló ń kọ́ wọn nípa rẹ̀. Ọmọ yìí kò sì jẹ́ kí n sinmi.

Òjò wínníwínní ń rọ̀. A gun ojú ọkọ̀, pákó ibẹ̀ ti rin, ó ń dán. Mo gbé ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ yọ̀. N kò ṣubú o! Mo di okùn kan mú, ọmọ mi sì gbá apá ẹ̀wù mi mú, ó ní, "Mọ́mì, ẹ rọra." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n àyà mi já gbì. Mo dúró síbẹ̀, n kò lè ṣí ẹsẹ̀. Àwọn èèyàn ń gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Orúkọ kan ló ń lọ lọ́kàn mi: George Vince.

Mo ti ka ìtàn rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, torí n kò fẹ́ kí ọmọ mi bi mí ní ìbéèrè kí n máa wo òrùlé. Ìtàn náà rèé. Ní 1901 ni wọ́n gbé ọkọ̀ yìí sómi níbí ní Dundee, ní oṣù kẹta. Robert Falcon Scott, ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni olórí àwọn tó wọ̀ ọ́ lọ, Ernest Shackleton tó di olókìkí arìnrìn-àjò lẹ́yìn náà sì wà lára wọn. Wọ́n forí lé ìpẹ̀kun ayé níhà gúúsù, Antarctica, ibi tí kò sí igi, tí kò sí ìlú, tí wọn kò tíì bí ẹnikẹ́ni sí nígbà náà. Nígbà tó di oṣù kẹta 1902, Scott rán àwọn kan jáde láti lọ fi lẹ́tà sílẹ̀ níbi kan tí wọ́n ń pè ní Cape Crozier, kí ọkọ̀ tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ ibi tí wọ́n wà. Ọ̀nà le. Wọ́n ní kí àwọn kan padà. Ìjì yìnyín ká àwọn tó ń padà mọ́ ojú ọ̀nà. Wọ́n rò pé ọkọ̀ ti sún mọ́ tòsí, wọ́n fi àgọ́ sílẹ̀, wọ́n ń rìn.

George Vince, atukọ̀ kan, wà lára àwọn tó ń padà yìí. Bàtà onírun ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Awọ àgbọ̀nrín ilẹ̀ òtútù ni, irun rẹ̀ ń bẹ lójú ìta, wọ́n á ki koríko gbígbẹ sínú rẹ̀ kí ẹsẹ̀ lè móoru. Bàtà àwọn ará ìhà àríwá Norway ni, àwọn tí wọ́n mọ òtútù bí ẹni mọ ọmọ ìyá rẹ̀. Ó fúyẹ́. Ó móoru. Ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ ń yọ̀ lórí omi dídì. Mẹ́ta nínú wọn ti yọ̀ lọ sísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tẹ́lẹ̀, orí ló kó wọn yọ. Àwọn yòókù ń rìn bọ̀, àfi bí etí ọ̀gbun ṣe yọ sí wọn lójijì, òkun ń bẹ nísàlẹ̀. Àwọn tó kù dúró. Ẹsẹ̀ Vince kò dúró. Ó yọ̀ kọjá lára wọn, ó bọ́ sínú òkun. Wọn kò rí òkú rẹ̀ títí dòní. Àgbélébùú onígi kan ni wọ́n rì mọ́lẹ̀ fún un nítòsí ibẹ̀, ó ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ dúró. Ọ̀kan tún kù. Clarence Hare, ọmọ New Zealand, ẹni tó ń gbé oúnjẹ fún àwọn ọ̀gá. Bàtà onírun ló wà lẹ́sẹ̀ tirẹ̀ náà. Kí wọ́n tó dé etí ọ̀gbun, ó ní òun fẹ́ padà lọ mú bàtà aláwọ òun. Ìjì gbé e sọnù. Wọ́n ní ó ti kú. Yìnyín bò ó mọ́lẹ̀, ó sun oorun, wákàtí 36. Ó jí, ó gbọn yìnyín dànù, ó sì ń rìn bọ̀ wá síbi tí ọkọ̀ wà. Òtútù kò jẹ ìka rẹ̀ kan! Ẹni tó padà nítorí bàtà, òun ló yè. Mo gbé ìwé náà kalẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo lọ pọn omi tíì.

Mo ti ń gbọ́ yín. "Àǹtí, kí ló kàn yín nínú ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó tó lọ sínú yìnyín? Ṣé ẹnikẹ́ni bẹ̀ wọ́n? Àwọn ìran wọn náà kọ́ ló ń kó dúkìá wa ní 1897 ní Benin?" Mo gbọ́. N kò gbàgbé Benin, kò sì sí ẹni tó máa mú mi gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n atukọ̀ lásán ni Vince, ọ̀kan lára àwọn tó ń fa okùn. Ẹni tó bá sì sọ pé ìlú yìí kò kàn mí, ó dáa, ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ ewédú.

Ewédú! Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ṣé ẹ mọ àpò ìdọ̀họ, èyí tí wọ́n fi ń di kòkó àti ìrẹsì? Òwú tí wọ́n fi ń hun ún, ara igi ewédú ló ti ń wá. Ewédú tí à ń fi ìjábẹ̀ já, àti ọmọ ìyá rẹ̀ kan, àwọn méjèèjì ni. Láti Bengal, nílẹ̀ India ìgbà náà, ni wọ́n ti ń kó o wá sí Dundee ní ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá lọ́hùn-ún, ìlú yìí sì fi í di ọlọ́rọ̀, obìnrin ló pọ̀ jù nídìí ẹ̀rọ. Òwú náà le, kò ṣeé ran bẹ́ẹ̀. Òróró àbùùbùtán ni wọ́n fi ń rẹ ẹ́ kó tó rọ̀. Ìyẹn wà lára ìdí tí àwọn apẹja Dundee fi ń lọ dọdẹ àbùùbùtán nínú omi dídì, ìdí nìyẹn tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ibẹ̀ fi mọ bí wọ́n ṣe ń kan ọkọ̀ tí yìnyín kò lè fọ́. Nígbà tí àwọn ará London wá ń wá ẹni tó máa kan irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, Dundee ni wọ́n wá bá. Nítorí náà, nígbà tí mo dúró lójú ọkọ̀ yẹn, ewédú wà nínú ìdí tó fi wà níbẹ̀. Ọmọ ìyá wa ni. Kí ẹnikẹ́ni má bi mí ní ohun tó kàn mí mọ́.

Ọkọ̀ ọ̀hún nípọn o, ẹ̀yin èèyàn mi. Pákó lórí pákó, tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 66 níbi kan. Wọn kò lu fèrèsé sí ìhà rẹ̀, kí yìnyín má baà rí ibi wọlé. Irin lè ya bí yìnyín bá fún un, igi a máa tẹ̀, a sì tún padà. Yìnyín há a mọ́ fún ọdún méjì gbáko, ó di oṣù kejì 1904 kó tó bọ́. Ọmọ mi bi mí pé kí ni wọ́n ń jẹ. Mo ní séèlì àti pẹ́ńgúìnì. Ó ní, "Pẹ́ńgúìnì? Ṣé ata wà níbẹ̀?" Haa, mo rẹ́rìn-ín, omi jáde lójú mi. Ẹran séèlì tútù yẹn ló sì gbà wọ́n lọ́wọ́ àrùn tó ń mú eyín yọ. Wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n yè.

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí bàtà. Nítorí mo sọ ọ̀rọ̀ Vince fún ọ̀rẹ́ mi kan lórí fóònù, ó ní, "Àìgbọ́n ni. Ta ló ń wọ bàtà tó ń yọ̀ lórí omi dídì?" Ara mi gbóná. Mo pariwo mọ́ ọn. Mo ti bẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ohun tí mo sọ, n kò kó o jẹ. Àìgbọ́n báwo? Bàtà tó dára jù lọ tí wọ́n rí fún un ló wọ̀. Àwọn tó rán an gan-an kò tíì mọ ilẹ̀ ibẹ̀. Scott fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé àwọn kò mọ nǹkan kan nípa ìrìn orí yìnyín nígbà náà. Ẹni tó bá ti òkèèrè débi tí kò dé rí, bàtà ilé ló máa kọ́kọ́ wọ̀. Kí ni kó wọ̀?

Ẹ ṣé tí ẹ ní sùúrù. Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyí.

Nígbà tí mo ń bọ̀ nílùú òyìnbó, màmá mi mú mi lọ sí Dùgbẹ̀. Wọ́n lo gbogbo ọ̀sán. Wọ́n gbé bàtà kan, dúdú, aláwọ. Wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ síwájú, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn, wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ ojú rírán rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Ìdí rẹ̀ ń dán bí àwo tuntun. Ẹni tó ń tà á dárúkọ iye kan, màmá mi dìde bí ẹni tó fẹ́ máa lọ, ó pè wọ́n padà ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Nígbà tí wọ́n sanwó tán, wọ́n ní, "Ẹsẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ wò lára èèyàn. Wọn ò ní rí ẹsẹ̀ rẹ fín."

Oṣù kìíní, ọdún àkọ́kọ́ mi. Mo ń sọ̀ kalẹ̀ ní Hilltown láàárọ̀ kùtù, mo ń lọ síbi iṣẹ́. Ẹni tó bá mọ Hilltown mọ̀ pé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni. Omi ti dì lójú títì, n kò rí i, dúdú ni bí ọ̀dà. Mo lọ sílẹ̀ gbìì. Ọrùn ọwọ́ mi kán. Ìyá àgbà òyìnbó kan tó ń fa ajá wá jókòó tì mí nínú òtútù yẹn títí ọkọ̀ aláìsàn fi dé. Ìyá náà wo ẹsẹ̀ mi, wọ́n mi orí, wọ́n ní, "Kì í ṣe ẹjọ́ rẹ, ọmọ mi, bàtà yẹn ni."

Bàtà yẹn ni. Mo padà délé, mo bọ́ wọn, mo fi ọwọ́ kan tó kù gbé wọn jù sínú ìdọ̀tí. Inú bí mi sí bàtà. Bóyá inú bí mi sí ẹni tó rà á náà, n kò mọ bí mo ṣe máa sọ ìyẹn, ṣùgbọ́n mo ti sọ ọ́ báyìí.

Lọ́jọ́ Sunday màmá mi pè. "Bàtà ńkọ́?" Mo ní, "Mo ń wọ̀ ọ́, Mọ́mì. Gbogbo èèyàn ló ń bi mí pé níbo ni mo ti rà á." Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe rẹ́rìn-ín! Mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún àwọn obìnrin inú ṣọ́ọ̀bù wọn: "Ẹ ò gbọ́? Bàtà Dùgbẹ̀!" Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pè, wọ́n á bèèrè bàtà. Gbogbo ìgbà ni mo ń sọ pé ó wà. Ọdún mẹ́fà. Wọ́n kú pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé ó wà lẹ́sẹ̀ mi.

Ohun tó mú mi dúró lójú ọkọ̀ yẹn nìyẹn, tí ọmọ mi ń fa apá ẹ̀wù mi, tó ń ní, "Mọ́mì, kí ló dé?" Àpótí kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi nígbà tí mo ju bàtà yẹn nù, ó ṣófo. Mo ì bá ti kó bàtà yẹn sínú rẹ̀.

Ọmọ mi ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ lójú ọkọ̀. Ó fi bàtà rẹ̀, èyí tí ìdí rẹ̀ ní eyín bíi ti ẹsẹ̀ tírákítọ̀, gbá pákó náà lẹ́ẹ̀mejì, ó wò ó, ó wá yí padà na ọwọ́ sí mi.

Mọ́mì, bàtà náà dára. Ó gba ẹsẹ̀ mi rẹ́gí. Títì yẹn ni.

Ó dàárọ̀ o, ẹ̀yin tèmi.