Òróró Dòdò Tó Di Ọṣẹ Lábẹ́ Lọ́ńdọ̀nù

KÁYỌ̀DÉ: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ káàárọ̀-oò-jíire tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn odi. Rónkẹ́, o kú iṣẹ́ láàbù, níbi tí o ti ń sọ òróró tí a ti fi dín nǹkan di epo ọkọ̀. Bí a bá dín dòdò tán nílùú yìí, níbo la ń da òróró tó kù sí?

RÓNKẸ́: Síńkì ni, Bọ̀dá Káyọ̀dé. A ó tún fi omi gbígbóná ṣàn án, a ó rò pé ó ti lọ. Kò lọ o. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, àwọn òṣìṣẹ́ bá òkìtì ọ̀rá nínú ihò omi ìdọ̀tí lábẹ́ Whitechapel, ní Lọ́ńdọ̀nù níbí. Gígùn rẹ̀ tó mítà 250, ó sì wúwo tó tọ́ọ̀nù 130.

KÁYỌ̀DÉ: Yéè! Ọ̀rá nìkan?

RÓNKẸ́: Ọ̀rá àti wáìpù tí wọ́n fi ń nu ìdí ọmọ. Ó le gbagidi bíi kọnkéré. Tí òróró bá pẹ́ nínú ihò yẹn, ó máa ń jẹrà, ásíìdì inú rẹ̀ á so mọ́ kálísíọ̀mù tó wà nínú omi àti lára sìmẹ́ńtì. Ọṣẹ ló ń dà, ọṣẹ tí omi ò lè yọ́.

KÁYỌ̀DÉ: Dúró ná. Ìyá mi àgbà ń se ọṣẹ dúdú. Wọ́n á sun èèpo kòkó, wọ́n á sẹ́ omi eérú rẹ̀, wọ́n á fi ahọ́n tọ́ ọ wò bóyá ó ti mú tó. Lẹ́yìn náà ni àdín á wọ ìkòkò, tí wọn á máa rò ó títí ọwọ́ á fi ro wọ́n.

RÓNKẸ́: Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ni màmá ń ṣe yẹn! Ohun tó yà wá sọ́tọ̀ ò ju omi lọ. Omi wà nínú ìkòkò tiwọn. Nínú ìgò tèmi, mẹ́tánọ́ọ̀lù ni, ọtí tí ẹnu ò gbọdọ̀ kàn, pẹ̀lú kọ́sítíìkì díẹ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ omi eérú màmá. Mo máa ń gbé e gbóná dé bíi 60°C, kí n máa rò ó. Bí mo bá gbé e kalẹ̀, á pín sí méjì: gílísírínì aláwọ̀ ilẹ̀ á rì sísàlẹ̀, bíodísẹ́ẹ̀lì, ìyẹn epo ọkọ̀ tí a fi òróró ṣe, tó pọ́n bí oyin, á léfòó. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo dán an wò, mi ò yọ omi kúrò lára òróró náà dáadáa. Ó ki bí ògì, kò pín mọ́. Ọṣẹ ni mo sè. Ó dùn mí gan-an.

KÁYỌ̀DÉ: Ọkọ̀ á sì lè mu ún?

RÓNKẸ́: Tipẹ́tipẹ́. Lọ́dún 1900, níbi ìpàtẹ ńlá kan ní Paris, epo ẹ̀pà ni wọ́n fi wa ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì kan. Lọ́dún 1938, bọ́ọ̀sì kan ń ná Brussels sí Louvain, epo pupa tí wọ́n ti sọ di epo ọkọ̀ ló ń mu.

KÁYỌ̀DÉ: Epo pupa tiwa yìí! Ká kúkú máa gbin ọ̀pẹ síi.

RÓNKẸ́: Rárá o, Bọ̀dá. Igbó tí wọ́n ti wó lulẹ̀ ní Indonesia àti Malaysia nítorí ọ̀pẹ ti pọ̀ jù, mi ò sì fẹ́ kí ọkọ̀ bá èèyàn dù oúnjẹ. Èyí tí a ti fi dín nǹkan tán ni mo ń wá. Èéfín dúdú rẹ̀ kéré, imí ọjọ́ inú rẹ̀ ò tó nǹkan. Èéfín náítírójìn lè lé díẹ̀, a ṣì ń bá ìyẹn jà. Kódà púpọ̀ nínú òkìtì Whitechapel ni wọ́n kó lọ fi ṣe bíodísẹ́ẹ̀lì. Bí mo bá rántí òróró alákàrà n'Ìbàdàn, tó ti dúdú, tí wọ́n ń dà sí gọ́tà, tí òjò ń gbá lọ sódò, ara mi kì í gbà á.

KÁYỌ̀DÉ: Báwo ni ká ṣe tiwa níbí?

RÓNKẸ́: Ẹ jẹ́ kó tutù, kẹ́ ẹ rọ ọ́ sínú ìgò tó ní ìdérí. Ẹ fi tíṣù nu páànù kẹ́ ẹ tó fọ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ ibi ìkódọ̀tí káńsù ló ní táńkì òróró ìdáná. Tẹ́ ẹ bá sì ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi, ẹ gbé e dání, kí omi ṣáà má kàn án.