Ànábì Yúsúfù kò sáré jáde

Àsàlámù aleekum, ẹ̀yin ará mi nínú ẹ̀sìn. Jímọ̀ mùbárákà o.

Ọba ránṣẹ́ sí ẹ̀wọ̀n pé kí wọ́n mú Ànábì Yúsúfù wá. Ẹni tó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún níbẹ̀ lórí ohun tí kò ṣe! Tó bá jẹ́ èmi ni, mi ò tiẹ̀ ní dúró wá bàtà. Ànábì wa (SAW) pàápàá sọ pé ká ní òun pẹ́ lẹ́wọ̀n tó Yúsúfù ni, òun ìbá jẹ́ ìpè náà. Àmọ́ Yúsúfù ní kí ìránṣẹ́ padà, kó lọ bi ọba léèrè ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin tó fi ọ̀bẹ gé ara wọn lọ́wọ́ (Súrátù Yúsúfù, áyà 50). Kí wọ́n kọ́kọ́ wẹ orúkọ òun mọ́ ná.

Ó mọ ohun tó ń ṣe. Ẹni tó bá jáde tí ẹ̀sùn ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ẹ̀wọ̀n náà ló ń bá a kiri. Ta ni yóò gbà á síṣẹ́? Ta ni yóò fọmọ fún un? Ọmọ tirẹ̀ ńkọ́, tí wọ́n ń pè lọ́mọ apànìyàn?

Ẹ wo Muhammad Aziz àti Khalil Islam. Lọ́dún 1966, kóòtù kan ní New York dá wọn lẹ́bi pé wọ́n wà lára àwọn tó pa Malcolm X, Mùsùlùmí aláwọ̀ dúdú tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn èèyàn rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ẹnì kẹta tí wọ́n jọ jẹ́jọ́ jẹ́wọ́ pé òun wà níbẹ̀, ó sì sọ lójú kóòtù pé àwọn méjì yìí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Wọn ò gbà á gbọ́. Nǹkan bí 20 ọdún ni wọ́n lò kí wọ́n tó tú wọn sílẹ̀, orúkọ apànìyàn sì tẹ̀ lé wọn délé. Oṣù kọkànlá ọdún 2021 ni kóòtù ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ́gi lé ìdájọ́ náà, nígbà tó hàn gbangba pé FBI (ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà) àti ọlọ́pàá ti fi ẹ̀rí pamọ́. Aziz ti di ẹni ọdún 83. Khalil ti kú láti 2009. Ta ni yóò lọ sọ fún un ní sàréè?

Nígbà tí Ànábì (SAW) ń ka àwọn ẹ̀ṣẹ̀ ńlá, ó fara ti nǹkan ni. Bó ṣe kan ẹ̀rí èké, ó dìde jókòó, ó ń tún un sọ títí àwọn sàhábé fi ń wí lọ́kàn pé ìbá ṣe pé ó dákẹ́. Ìwọ tó sì sọ pé o rí ohun tí o kò rí, tàbí tí o kàn gbọ́ lẹ́nu ẹnì kan tí o sì gbé e kiri, ọ̀rọ̀ náà kàn ọ́.

Yá Allāhù, ẹni tó wà lẹ́wọ̀n lónìí láìṣẹ̀, wẹ orúkọ rẹ̀ mọ́ kí ìyá rẹ̀ tó kú. Àmín.